Ọba Orí Ògiri Tí Mo Kúnlẹ̀ Kí

                                        Lilburn, Atlanta,
                                        Georgia, Amẹ́ríkà.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, 2025.

Samirah, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Òtútù ti dé sí wa níbí, ṣùgbọ́n ara mi le, a dúpẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ojú ń tì mí, ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá Evelyn, ọ̀gá ọkọ mi níbi iṣẹ́, pè wá wá jẹun. Bí a ṣe wọlé, àwòrán ńlá kan ni mo kọ́kọ́ rí ní pálọ̀: ọkùnrin òyìnbó tó dé adé, tó nawọ́ bí ẹni ń pàṣẹ. Nílé wa, ta ní ń gbé irú rẹ̀ kọ́ bí kì í bá ṣe ti bàbá onílé tó ti kú? Ni mo bá fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀: "Ẹ kú ilé o, Kábíyèsí." Mo tún fi gẹ̀ẹ́sì mi tí kò délé bá Màmá kẹ́dùn bàbá wọn.

John, ọmọ wọn, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òṣèré orí ìtàgé kan tó lókìkí ni, ó ti lé ní igba ọdún tí wọ́n ti ya àwòrán náà, adé eré ló dé. Ti John kò dùn mí. Ọkọ mi ló rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nínú mọ́tò, ó ṣì ń sọ pé, "Joanna, o kúnlẹ̀ fún eléré!" Mo ní lọ́kàn mi pé bóyá ó ti ń kábàámọ̀ pé ó fẹ́ ẹni tí kò kàwé kọjá pírámárì fáìfù.

O rántí fọ́tò Bàbá mi olóògbé tí o sìn mí lọ fi férémù sí, èyí tí wọ́n ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ káfíńtà? Pálọ̀ wa ló wà. Lọ́jọ́ Ajé, mo yọ ọ́, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí, kí àlejò má baà fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìtìjú tó jù nìyẹn, Samirah. Èmi fúnra mi fi bàbá mi pamọ́.

Ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó rí ìṣó lásán lára ògiri, ó bi mí. Ẹkún ni mo fi dáhùn. Ó bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìṣó yẹn, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ kọ́ ọmọ yín dáadáa."

Bàbá ti padà sí àyè wọn. Ṣùgbọ́n ojú ṣì ń tì mí o, torí Màmá Evelyn tún ti pè wá fún Sátidé tó ń bọ̀. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ọba eré yẹn?

Bá mi kí Ìyá àti Roqeeb. Jọ̀ọ́, má ka èyí sétí ẹnikẹ́ni.

                                        Èmi ni tìrẹ, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí,
                                        Joanna.