Ọwọ́ Ìkọ̀wé Yín Wà Lára Ògiri Ìkẹjà

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ẹ jẹ́ ká gbà pé orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ọ́fíìsì ni mo jókòó sí. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń fi òróró tí mo fi ránṣẹ́ pa á, àbí ẹ ti pín in fún gbogbo ìjọ bí ìṣe yín? Mo kí Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé àti ìyàwó wọn. Mo kí Àǹtí Rẹ́mi.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ mi. Lórí fóònù, kí n tó sọ ohun tó ń dùn mí, ẹ ó ti gbé fóònù fún Àǹtí Rẹ́mi pé kí wọ́n wá gbọ́ ohùn ọmọ tó ń kọ̀wé fún gbogbo Èkó. Ṣùgbọ́n bí Ẹ̀gbọ́n bá ń ka èyí sí yín létí ní pálọ̀, kò sí ẹni tí ẹ fẹ́ gbé e fún. Ẹ ó gbọ́ ọ tán lónìí.

Orégùn n'Ìkẹjà náà ni mo ṣì wà, lókè ilé ìtẹ̀wé kan. Bí ẹ̀rọ wọn bá ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, tíì inú ife mi a máa gbọ̀n. Òjò ọdún yìí kò sinmi. Bó bá ń lu páànù, a kì í gbọ́ ohùn ara wa; bó bá dá, ooru á gba ipò rẹ̀. Ẹ mọ iṣẹ́ mi: mo ń ya ábídí tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, èyí tí wọ́n ń pè ní fọ́ǹtì. Ohun tí n kò tíì ròyìn fún yín dáadáa ni bí mo ṣe ya èyí tó gbajúmọ̀ náà.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ti Èkìtì dé ni. N kò mọ ẹnì kankan níbí. Àárò yín ń sọ mí gan-an, ni mo bá gbé ọwọ́ sókè, mo ń kọ̀wé sínú afẹ́fẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ wa ní kíláàsì, kí ẹ tó gbà kí a fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Ọwọ́ mi rántí gbogbo rẹ̀: “b” yín tó yọ ikùn bí aláboyún, “g” yín tó ká ìrù sábẹ́ bí ajá tó ń sùn. Mo wá ń yà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà, mo ń sunkún. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tà wọ́n. Ọ̀gá mi ló rí i, ó béèrè pé ọwọ́ ta nìyí, mo ní ọwọ́ màmá mi ni, tíṣà ni wọ́n. Bó ṣe sọ fọ́ǹtì náà ní Tíṣà nìyẹn.

Màmá, Tíṣà ti gba ìlú. Ó wà lára ọ̀rá búrẹ́dì l'Ágége, ó wà lára pátákó ilé ìwòsàn ní GRA, ó wà lára pósítà òkú. Lára ògiri kan ní Opebi, ẹ̀yin lẹ ń sọ fún aráyé pé kí wọ́n má tọ̀ síbẹ̀. Wọ́n ṣì ń tọ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n n kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Ojú yín ni mo fẹ́ rí. Ibi tí mo bá yíjú sí, ọwọ́ yín ni mo ń bá pàdé, ẹ kò sì sí níbẹ̀.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo fọwọ́ ara mi kọ káàdì ọjọ́ ìbí fún ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ́fíìsì. Ó wò ó, ó ní ṣé mo kàn tẹ Tíṣà sí i ni, pé ṣé n kò lè fara balẹ̀ fọwọ́ kọ ọ́ ni. Ojú tì mí, bí ẹni tí wọ́n bá ẹrù ẹlẹ́rù lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti ya ábídí mìíràn, tèmi gan-an, tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá wò ó fìrí, ó ní ó dára, àmọ́ Tíṣà ni àwọn oníbàárà ń béèrè, kí n lọ ya Tíṣà tó sanra. Mo ya èyí tó sanra. Ó ní kí n ya èyí tó tín-ínrín. Mo yà á. Ní báyìí, ó fẹ́ kí n tọwọ́ bọ̀wé láti máa ṣe olórí iṣẹ́ Tíṣà fún ọdún márùn-ún sí i, n kò sì ní ya nǹkan mìíràn. Bí mo bá sì kúrò, n kò gbọdọ̀ ya ábídí tó jọ ọ́ fún ẹlòmíràn láé. Ọwọ́ tí ẹ fún mi nìyẹn, Màmá. Bí mo bá dúró, inú rẹ̀ ni wọ́n há mi mọ́. Bí mo bá lọ, n kò lè mú un dání.

Nígbà tí mo fi ẹnu bà á fún yín, ẹ ní kí n gbà, pé ta ló ń rí iṣẹ́ lóde òní. Ẹ ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò fi ọwọ́ òsì júwe ilé yín; wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ mi sínú ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ní kí oníkálukú kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí pátákó funfun ọ́fíìsì, lábẹ́ iṣẹ́ tó máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Mo fi máákà kọ tèmi sábẹ́ Tíṣà. Mo wá ń wò ó, mo sì rántí òfin yín ní kíláàsì. Bí ọmọ bá kọ lẹ́tà kan sójú pátákó tí kò tọ́, ẹ kì í bá a nù ún. Ẹni tó kọ ọ́ ni yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́, kò sì gbọdọ̀ pa á rẹ́ àfi tí ẹ bá sọ pé kó pa á rẹ́. N kò dúró gbàṣẹ. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa orúkọ mi rẹ́ níṣojú gbogbo wọn. Wọ́n rò pé eré ni mò ń ṣe, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, orúkọ mi ti padà síbẹ̀. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí sítíkà, ní Tíṣà, èyí tó sanra. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, nù ún, kò lọ. Bóyá torí pé n kò gbàṣẹ lọ́wọ́ yín ni.

Ọ̀gá ń retí èsì mi kí oṣù yìí tó parí. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ ó wá sọ pé: “Pa á rẹ́, ọmọ mi, kó o tún un kọ.” Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ gbọ́. Kí Ẹ̀gbọ́n pè mí, kí ẹ sọ ọ́ sí mi létí, kí ẹ má gbé fóònù fún ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí. Ẹsẹ̀ yín yóò máa gbé yín, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó kọ́wèé lọ́dọ̀ yín tí ọwọ́ wọn jọ tèmi. Mo ti fi èékánná kan etí sítíkà náà. Ó ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ohùn yín ni mo ń dúró dè.

Ọmọ yín,
Ìbídùn