Ẹgbàá Náírà Tí Bàbá Wa Fi Sílẹ̀ Fún Mi

Èmi, Rọ̀kíbátù Àdùkẹ́ Bámilóyè, ọmọ Rájí ará Ṣakí, onítẹ̀wé ní Ṣómólú, ni mo ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mí, ara mi le, ọpọlọ mi pé, kò sì sí ẹni tó fipá mú mi jókòó. Ọkọ mi nìkan ló ní ó ti yá jù fún mi láti kọ ìwé ìhágún. Ìwé yìí fagi lé èyíkéyìí tí mo bá ti kọ sẹ́yìn. Mo yan ọmọ mi obìnrin, Dọlápọ̀, àti agbẹjọ́rò mi, Arábìnrin Hadassah Ògúnmúyìwá, láti mú un ṣẹ.

1. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá àti ẹ̀rọ ìgéwé di ti Dọlápọ̀. Òun ló máa ń mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ẹ̀rọ náà kí ó tó dákẹ́. Kó má yá ẹnikẹ́ni ní ẹ̀rọ ìgéwé, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ tó bá a jẹun lánàá.

2. Yàrá méjì tí mo kọ́ sí Ìkòròdú, Mùíz ọmọkùnrin mi ni mo fún, pẹ̀lú ewúrẹ́ mi méjèèjì. Mo mọ̀ pé yóò rojọ́ nípa àwọn ewúrẹ́ náà. Wọ́n ti jẹ káàdì ìgbéyàwó oníbàárà kan rí nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, a sì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Kó máa tì wọ́n mọ́lé.

3. Gbogbo iye owó tí mo bá dárúkọ nínú ìwé yìí, owó oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ san án, ẹ mú òǹkà iye owó ọjà tí ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ gbé jáde fún oṣù tí ẹ fẹ́ sanwó, ẹ fi òǹkà ti oṣù tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí pín in, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ sọ owó náà di púpọ̀. Bí ìjọba bá yí ọdún ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà padà, kí ẹ kọ́kọ́ so òǹkà àtijọ́ mọ́ tuntun. Ẹ má bínú pé mo ń fi ìṣirò dà yín láàmú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Lọ́dún 1981 ni Bàámi kọ ìwé ìhágún tiwọn. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Wọ́n fi ilé Fọlá Agoro fún ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Adéjìmí, wọ́n sì kọ ọ́ pé kí wọ́n fún èmi ní ẹgbàá náírà kí n fi ra ilẹ̀ kan ní Bàrígà. Nígbà yẹn, owó náà tó ra ilẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàámi kò kú títí di ọdún 2003, wọn kò sì tún ìwé náà ṣí wò mọ́. Bọ̀dá Adéjìmí pè mí sí pálọ̀, wọ́n ka ẹgbàá náírà sí mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà, kò lè ra ju rímù bébà mẹ́rin lọ.

Mo ní, "Bọ̀dá, ilẹ̀ ni Bàámi fún mi, kì í ṣe bébà."

Bọ̀dá dáhùn pé, "Ẹgbàá ni wọ́n kọ, ẹgbàá ni mo san. Ṣé o fẹ́ kí n máa fi tèmi kún ọ̀rọ̀ òkú ni?"

Ẹkún ni mo sun padà dé ìsọ̀ ìtẹ̀wé mi. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Samson ló bá mi níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni nígbà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa rìn káàkiri ọjà lóṣooṣù, kí ó máa bèèrè iye tí wọ́n ń ta gààrí, epo, kẹrosíìnì àti ọṣẹ. Àwọn ọlọ́jà Bàrígà kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, nítorí ó ń bèèrè iye gbogbo nǹkan láìra ọ̀kan. Ó wá tẹ káàdì ìsọmọlórúkọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni. Ó bi mí ní ohun tó ń pa mí lẹ́kún, mo sì rò ó fún un.

Ó fa àga sún mọ́ mi. Ó ní bí èèyàn bá fẹ́ mọ bí owó àtijọ́ ti tó, ohun tí owó náà lè rà ni kó wò. Kó ka oúnjẹ, aṣọ, owó ilé àti owó ọkọ̀ tí ìdílé ń ná sí ẹrù inú agbọ̀n kan ṣoṣo, kó wo iye tí agbọ̀n náà jẹ́ nígbà yẹn àti iye tó jẹ́ nísinsìnyí. Ó ṣírò rẹ̀: agbọ̀n náà ti wọ́n sí i ní nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ẹgbàá náírà Bàámi ti di nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì fún yín ní ohun tí bàbá yín fẹ́ kẹ́ ẹ ní."

Ẹkún mi dá. Kì í ṣe ìṣirò nìkan ló dá a dúró; ẹ̀rín ọkùnrin náà dára.

Mo padà tọ Bọ̀dá lọ pẹ̀lú ìṣirò náà. Wọ́n fara ya. "Ọkùnrin wo ló kọ́ ọ ní ìṣirò yìí?"

Mo ní, "Ọkùnrin tí mo máa fẹ́ ni."

Samson kò tíì dẹnu kọ mí rárá. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò, ó lọ aṣọ rẹ̀ dáadáa, ó wá sí ìsọ̀ mi, ó ní òun wá wádìí bóyá òótọ́ ni.

Bọ̀dá kò wá síbi ìgbéyàwó wa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a kò fi kí ara wa. Bí mo bá rí wọn ní Fádèyí, òdìkejì títì ni mo ń gbà. Ó dùn mí ju ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ, nítorí Bọ̀dá ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn.

Lọ́dún 2017, wọ́n ṣàdédé wọlé tọ̀ wá wá. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Samson ni wọ́n dojú kọ: "Àna mi, owó ìfẹ̀yìntì mi kò yí padà, ṣùgbọ́n ìrẹsì ti yí padà. Wá ṣàlàyé agbọ̀n yẹn fún mi."

Samson ṣàlàyé. Bọ̀dá wá yíjú sí mi. "Rọ̀kí, mi ò lówó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù méjì iwájú ilé Bàámi, tìẹ ni."

Wọ́n ṣe ìwé rẹ̀ lórúkọ mi. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ mi wà títí dòní.

4. Kí Dọlápọ̀ àti Mùíz jọ ni ṣọ́ọ̀bù méjèèjì. Wọn kò gbọdọ̀ tà wọ́n.

5. Kí Samson máa gbé ilé wa ní Bàrígà títí ayé rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó mìíràn, mo gbà, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ẹni tó lè fara da kí ọkọ máa bi ọlọ́jà ní ìbéèrè.

6. Láti inú owó tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé bá ń mú wọlé, kí ẹ máa fún Bọ̀dá Adéjìmí ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà lóṣooṣù níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà láàyè, kí ẹ máa ṣírò rẹ̀ bí mo ti wí ní ìpín kẹta.

Nígbà tí agbẹjọ́rò ka èyí sí Bọ̀dá létí, wọ́n nu ojú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè pé, "Tí owó ọjà bá wá já wálẹ̀ ńkọ́?" Samson rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Nítorí náà ni mo ṣe fi kún un: bí owó ọjà bá gbéra, kí owó Bọ̀dá bá a gbéra, bí ó bá já wálẹ̀, kí ẹ fi tiwọn sílẹ̀ níbi tó wà.

Mo fọwọ́ sí i ní Ṣómólú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Rọ̀kíbátù Àdùkẹ́ Bámilóyè

Àwọn tó rí i tí mo fọwọ́ sí i:
Fuad Ọlápàdé, atúnbàtàṣe, Fọlá Agoro
Ẹ̀bùnolúwa Ṣónúgà, olùkọ́, Bàrígà