Ìràwọ̀ Mẹ́ta Nínú Ẹyọ Kan

Àkọ́bí mi, ọmọ rẹ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ara mi le. Lánàá, ó fi àwòrán ìràwọ̀ kan hàn mí níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ohun tó dà bí ẹyọ kan yẹn, mẹ́ta ni: méjì ń pòòyì yí ara wọn ká bí orogún, ẹ̀kẹta jìnnà réré, síbẹ̀ kò lè já kúrò lọ́dọ̀ wọn.

"Màmá àgbà, ṣé ẹ rí wọn?"

Mo ní mo rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irọ́ ni. Dókítà tí mo tìtorí ojú mi wá bá níbí ti ní kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́.

Ìwọ ọmọ yìí, yé sunkún, máa kọ ọ́ lọ.

Àkọ́bí mi, kọ́kọ́ sọ fún bàbá rẹ, lẹ́yìn náà ìyàwó rẹ: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé àga mi kúrò ní àyè rẹ̀, kí n lè táràrà rí i tí mo bá padà dé.