Àádùn Àǹtí

Àlàmísì, ìrọ̀lẹ́

Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń dáná fáwọn olówó l'Ékòó, wá s'Ílá lónìí. Ó ní òun fẹ́ ṣe àádùn bí ìyá òun ṣe ń ṣe é, káwọn èèyàn rí i lórí fóònù. Èmi ni mo yan àgbàdo. Èmi náà ni mo lọ̀ ọ́. Ó kàn da epo sí i, ó fi ọwọ́ tí wọ́n lẹ èékánná mọ́ pò ó, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn sí fóònù tó ń ká a sílẹ̀.

Ló bá gba Rídíwánù ọmọ mi lọ́wọ́ mi, ó bu àádùn, ó fẹ́ fi sí i lẹ́nu. Ọmọ tí ò tíì yọ eyín kankan.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ó máa há a lọ́fun."

"Ìyàwó, gbogbo wa la jẹ ẹ́ dàgbà."

Mo já ọmọ mi gbà. Ó ní mo ba fídíò òun jẹ́.

Ariwo oúnjẹ ìyá rẹ̀ ló ń pa, kò mọ ohun tí ọmọ ń jẹ.

Ilé tó kọ́ la ń gbé, ẹ̀rù ń bà mí kó má lé wa. Ọkọ mi ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọ̀la. Màá kúnlẹ̀. Àmọ́ màá pọn ọmọ mi lọ, màá so ọ̀já le dáadáa.