Ohùn Tí Àwọn Ará Bìní Ń Fẹ́

Ilé Kọkàndínlógún,
Ẹ̀yìn Ọjà Ekiosa,
Ìlú Bìní.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Motọ́lání ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kí ó má bá ẹnikẹ́ni lórí ibùsùn àìsàn. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ó ti ń dá lọ sọ́jà, ó sì ti ń bá àwọn elélùbọ́ jà bíi ti àtijọ́, nítorí náà ẹ má dààmú nípa rẹ̀. Èmi náà, ara mi le. Ọkàn mi ni kò sí níbi tí mo fi í sí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti gbọ́ ohun kan, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún ọ. Mo mọ̀ pé o ó bínú pé n kò pè ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá pè ọ́, wàá dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, n kò sì ní lè parí rẹ̀.

O mọ Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Èṣùbíyì wa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí a ti ń pàdé ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, nílé Alàgbà Ọláoyè ní Ogbe, àwa Yorùbá mélòó kan tí iṣẹ́ gbé wá sí Bìní, tí orin Ayọ̀túndé Èṣùbíyì sì so wá pọ̀. Ìwọ ni o máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn àgbàlagbà ń jà lórí ọkùnrin kan àti gìtá rẹ̀. Òótọ́ ni. Àwo orin mẹ́ta péré ni ọkùnrin náà ṣe kí ó tó pa orin tì, a ò sì tíì fẹnu kò lórí èyí tó jẹ́ olórí. Alàgbà Ọláoyè ní èyí àkọ́kọ́ ni, tó jẹ́ pé òun àti gìtá rẹ̀ nìkan ni. Ìyá Iṣẹ́olúwa ní ìkejì ni, níbi tí wọ́n ti fi gìtá oníná àti ìlù òyìnbó tì í lẹ́yìn. Èmi ní ẹ̀kẹta ni, nítorí orin "Bàtà Mi Ti Lu". Ọdún kan wà tí èmi àti Alàgbà kò kí ara wa fún odidi oṣù kan nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ìyá rẹ ló parí ìjà náà.

Lóṣù tó kọjá, Gbéminíyì, ọmọ Bàbá Èṣùbíyì, tú àpótí kan nílé wọn ní Oǹdó. Ó kó àwọn téèpù tí bàbá rẹ̀ fi gbohùn sílẹ̀ láyé ọjọ́un jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí a ti gbọ́ rí àti àwọn tí kò jáde rí. Inú wa dùn débi pé Ìyá Iṣẹ́olúwa se ìrẹsì wá sí ìpàdé. Dókítà Olúbùnmi, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Ugbowo, ló gbé sípíkà wá. Ó ní "Bàtà Mi Ti Lu" ni òun ó fi bẹ̀rẹ̀ nítorí tèmi.

Motọ́lání, ohùn ọ̀dọ́ ló jáde. Ohùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ń yára bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀. Orin tí gbogbo wa mọ̀ sí ìṣẹ́jú méje kò pé mẹ́fà tó fi parí. Orin tí a fi ń sunkún ilé, tí a kọ níbi ìsìnkú Bàbá Títíloyè, ó wá di orin ọ̀dọ́kùnrin kan tí bàtà rẹ̀ lu, tó sì ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín bí ó ti ń sáré lọ sílé. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Alàgbà. Ìyá Iṣẹ́olúwa ní, "Jésù! Ta nìyí?" Ni ilé bá dàrú. Wọ́n ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, pé kọ̀ǹpútà ti ń sín ohùn èèyàn jẹ láyé ìsinsìnyí, pé ọmọ náà ń fi ayédèrú bàbá rẹ̀ wá oúnjẹ. Dókítà ní àwọn olólùfẹ́ tó wà n'Íbàdàn sọ pé ohùn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Alàgbà dá a lóhùn pé, "Kí ni Ìbàdàn mọ̀? Àwa la mọ Èṣùbíyì!" Wọ́n pinnu pé a ó kọ̀wé sí àwọn ìwé ìròyìn pé òpùrọ́ ni ọmọ náà, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì fọwọ́ sí i ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Èmi akọ̀wé ni wọ́n ní kí n kọ ọ́.

Jókòó kí o tó ka èyí tó kàn. Ohùn ọ̀dọ́ yẹn ni ojúlówó. Èyí tí a ti ń gbọ́ láti ogójì ọdún sẹ́yìn, èmi bàbá rẹ ni mo ṣe é.

Kí a tó bí ọ, mo ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Ekiosa tí mo ti ń da orin kọ láti inú àwo sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ àwo méjì ni mo ní. Ní ọdún 1981, rọ́bà tó ń yí ọ̀kan nínú wọn já. N kò rí òmíràn rà, ni mo bá fi sísọ́ọ̀sì ìránṣọ ìyá rẹ gé túùbù kẹ̀kẹ́ ológeere, mo fi í dípò rẹ̀. Ẹ̀rọ tó dára ni mo fi ń da orin àwọn tó ń tà kọ. Èyí tó ní rọ́bà túùbù, mo yà á sọ́tọ̀ fún àwọn tí kì í tà. Èṣùbíyì wà lára àwọn tí kì í tà nígbà náà. Àwo ń falẹ̀ lórí ẹ̀rọ yẹn, ohùn sì ń wúwo, ṣùgbọ́n n kò mọ̀, nítorí n kò gbọ́ ọkùnrin náà níbòmíràn rí. Kàyéfì ni pé orin tí kì í tà bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi rò pé àgbàlagbà kan ló ń bá wa kẹ́dùn. Àwo rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ ní Bìní. Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ìlú ti ń dà á kọ, títí kan ẹni tó ń ṣètò orin lórí rédíò.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo rí rọ́bà gidi gbà láti Èkó. Mo fi í sí i, ohùn sì di ti ọ̀dọ́. Obìnrin kan láti Ogbe ló kọ́kọ́ dá kásẹ́ẹ̀tì padà, ó ní mo fi ayédèrú tan òun jẹ. Ẹni kejì dá a padà, ẹni kẹta náà. Mo bá tú rọ́bà gidi, mo dá túùbù padà. Mo mọ̀, ọmọ mi. Láti ọdún náà ni mo ti mọ̀. Ìwọ nìkan ló fura láyé yìí. O kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ tí o fi bi mí pé, "Daddy, why this man dey sing like person wey dey sleep?" Mo ní kí o panu mọ́.

Ní ọdún 1984, Èṣùbíyì wá kọrin ní Bìní, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan. Ẹsẹ̀ kò gbèrò. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde pẹ̀lú gìtá, ó yanu, ohùn ọ̀dọ́ jáde. Wọ́n kọ́kọ́ ń kùn. Ẹnì kan wá ké pé, "Na him younger brother be dis! Where the main man wey get heavy voice?" Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá gbà á, "Ìwọ kọ́! Ìwọ kọ́!" Wọ́n ń ju èèpo ọsàn lù ú. Ó bẹ̀rẹ̀ orin kejì, wọn kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Ó wo àwa tó wà níwájú bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀, ó gbé gìtá rẹ̀, ó lọ. Ìlà kejì ni mo jókòó sí. N kò sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà kò ṣe àwo kankan mọ́. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí à ń jiyàn ohun tó pa á lẹ́nu mọ́, àwọn kan ní ó wọ ìjọ aláṣọ funfun, àwọn kan ní ìyàwó rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Èmi ni mo dá a sílẹ̀ pé ọ̀fun ló ń dùn ún, pé òun ló jẹ́ kí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín lọ́jọ́ tó wá. Wọ́n gbà mí gbọ́. Mo sọ ọ́ títí èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ara mi gbọ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe èyí ló burú jù. Kí ìpàdé tó tú ká, Dókítà jẹ́ kí a gbọ́ èyí tó kẹ́yìn nínú àkójọ náà, téèpù ọdún 1985 tí kò jáde rí. "Bàtà Mi Ti Lu" kan náà ni, ẹ̀ẹ̀meje ló kọ ọ́. Ó ń fa ohùn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó ń kérora, ó ń wúkọ́, ó ń dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi tún gbé iyàn dé. Ẹnì kan ní ọtí ni, Ìyá Iṣẹ́olúwa ní ìbànújẹ́ ni. Kí ó tó kọ ẹlẹ́ẹ̀keje, ó bá ẹni tó ń gbohùn rẹ̀ sílẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ṣe kedere: "Ẹ jẹ́ n tún un gbìyànjú. Ohùn tí àwọn ará Bìní ń fẹ́ yẹn, mi ò tíì rí i."

 Alàgbà ní, "Ẹ ò rí i pé ayédèrú ni? Kí ló kan Bìní níbẹ̀?" Wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ náà kò yé ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ló yé. Olórin tí mo fẹ́ràn jù láyé yìí ti fún ara rẹ̀ lọ́rùn kí ó lè kọrin bíi túùbù kẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ pé mo purọ́. N kò mọ̀ pé ó gbọ́ irọ́ náà, pé ó sì gbà á.

Bí mo ti ń kọ ìwé ẹ̀sùn náà ni mo ń ya á. Ìyá rẹ ló rí àjákù rẹ̀ nílẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.  Ó ní, "Bàbá Motọ́lání, sísọ́ọ̀sì mi lẹ fi gé e?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn, ó di Ogbe."

Lánàá, mo gbé e lé itan nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú àwo ọdún 1981 náà, pẹ̀lú rọ́bà tuntun tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Túùbù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi pàúdà pa á, mo fi ọ̀rá wé e láti ọjọ́ yìí. N kò mọ ìdí tí n kò fi jù ú nù. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti kó báírò sílẹ̀ láti fọwọ́ síwèé. N kò jókòó. Mo fi túùbù sí ẹ̀rọ, mo gbé àwo lé e, Èṣùbíyì tiwa sì jáde, ohùn àgbà. Alàgbà mirí, ó ní, "Ẹ gbọ́ ojúlówó!" Mo dá a dúró. Mo yọ túùbù, mo fi rọ́bà sí i, mo dá abẹ́rẹ́ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ yẹn jáde láti inú àwo kan náà, lójú gbogbo wọn.

Mo wá jẹ́wọ́ bí mo ti jẹ́wọ́ fún ọ yìí. Mo ń retí ariwo. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a, tèmi sì ti lọ fún ogójì. Ṣùgbọ́n Alàgbà kò pariwo. Ó ní, "Bàbá Motọ́lání, ogójì ọdún." Ó tún un sọ. Ó wá fi ọwọ́ bojú, ó ní, "Èmi náà ju èèpo ọsàn lọ́jọ́ náà." Ìyá Iṣẹ́olúwa bú sẹ́kún. Wọ́n ti yọ mí nípò akọ̀wé, ó sì tọ́ sí mi. Wọ́n ní kí n pe ọmọ Èṣùbíyì lórí fóònù níwájú wọn.

Gbéminíyì gbọ́ mi tán.  Ó wá ní, "Ẹ dákun sà, ẹ sọ ọ́ fún bàbá mi fúnra yín." Ọkùnrin náà ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un. Ohùn ọ̀dọ́ náà ló dá mi lóhùn, ó ti há díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni. Ó ní, "Rọ́bà?" Mo ní, "Rọ́bà ni, sà."  Ó ní, "Ṣé wọn ò kórìíra mi nígbà náà?" Mo ní, "Àwa? Sà, orin yín la fi sìnkú, òun la fi gbéyàwó." Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì láyà láti bèèrè. Ohun tó sọ ni pé kí n mú rọ́bà náà wá kí òun fojú rí i.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, èmi àti Alàgbà ń lọ sí Oǹdó. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Bá mi gbàdúrà kí ẹnu mi má kú níwájú rẹ̀.

Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Ilé yín kò ní dàrú, ẹ kò ní ṣe ohun tí ẹ ó máa fi ọ̀rá wé pa mọ́ fún ogójì ọdún. Àwọn ọmọ yóò dàgbà lójú yín, bí wọ́n bá sì sọ òtítọ́ fún yín, ẹ má ní kí wọ́n panu mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Akínwùmí.

Àfikún: Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí mo torí rẹ̀ mú báírò. Bàbá Èṣùbíyì ní kí n mú ọ̀kan nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà dání, pé òun fẹ́ gbọ́ ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ràn ju òun lọ. Gbogbo tèmi ti bàjẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù wà lọ́dọ̀ rẹ, èyí tí wọ́n lò lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ tí mo mú ọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. A ó yà lọ́dọ̀ rẹ ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ Sátidé, jọ̀wọ́ mú un jáde dè mí. O rántí bí èmi àti ìwọ ti rìn jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ náà? Túùbù ni. Bó bá jẹ́ ohùn rẹ̀ gan-an ni, à bá ti sáré dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀, ǹ bá sì ti fà ọ́ lé ọkọ rẹ lọ́wọ́ kíákíá. Nínú gbogbo ohun tí rọ́bà yẹn bàjẹ́, ìyẹn nìkan ni n kò tíì lè kábàámọ̀.