Àbámodá Màámi

Luqman,

Kòkòrò funfun bí òwú ló kún ìdí ewé àbámodá Màámi, wọ́n ń fa omi ara rẹ̀ mu. Inú òdòdó etí erin tó o gbé wá láti Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n ti wá. Mo ti dáná sun tìrẹ. Fi omi ọṣẹ nu ti Màámi léwé-léwé, jẹ́jẹ́ o.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbé e pamọ́ sí. Láàárọ̀ yìí, Bàbá tún fẹ́ da omi àlùwàlá tó ṣẹ́kù sí i nídìí, kò bá a níbẹ̀. Ó kàn dúró, búùtà lọ́wọ́. Mo bá jáde.

Bó bá bi ọ́, sọ fún un pé àbámodá náà ń kú lọ. Má sọ pé ara rẹ̀ ti ń yá. Ohun tá a ń sọ fún un nípa Màámi nìyẹn, títí wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ wọlé.

Haneefah