Ẹ̀gẹ́ Tí Ìyá Gift Kò Tíì Fà Tu

                                        Abà Ògúnwálé,
                                        Lọ́nà Akínyẹlé,
                                        Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 2024.

Múyì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé ní Adégbàyí? Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá yín ti fúyẹ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Rùqáyyàh ìyàwó mi bí obìnrin ní Jímọ̀ tó kọjá, ara ìyá le, ara ọmọ le. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbé ọmọ náà, Múyì. Ọwọ́ ara mi ló ń bà mí lẹ́rù. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù kí Rùqáyyàh má baà gbọ́. Má tíì rẹ́rìn-ín o, jẹ́ kí n rò ó fún ọ.

Ṣó o rántí oko ẹ̀gẹ́ mi tó wà létí odò? Mo tà á fún Ìyá Gift, obìnrin Olódò tó ń yan gàrí. O mọ bá a ṣe ń ṣe é lábà wa: bí olùrà bá sanwó tán, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa igi kan tu lójú ẹni tó tà á. Látìgbà náà lọ, bí màlúù jẹ ẹ́, bí odò gbé e lọ, tiẹ̀ ni. Bí kò bá tíì fà á, ẹni tó tà á ló jẹ àdánù. Òjò ló dé lọ́jọ́ tó sanwó, Ìyá Gift ní òun á padà wá fà á. Èmi òmùgọ̀ ní kò sí wàhálà.

Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́sàn-án gangan lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ewé ẹ̀gẹ́ tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ ẹyẹ kan ò ké. Mo fa igi kan wò. Ó yọ wẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ lára aṣọ, kò sí nǹkan kan nídìí ẹ̀. Mo fa òmíràn, òfìfo. Kò sí ojú ẹsẹ̀ olè, ebè ò sì tú.

Mo ránṣẹ́ pe Ìyá Gift àti Baálẹ̀. Baálẹ̀ ní níwọ̀n ìgbà tí obìnrin náà ò tíì fà á, èmi ni mo ni àdánù, kí n fi oko ẹ̀yìnkùlé rọ́pò. Oko tí ilé mi ń jẹ nìyẹn! Mo bú sẹ́kún. Àánú mi ṣe Ìyá Gift, ó ní kí òun ṣáà fa ọ̀kan wò. Ẹ̀gẹ́ ńláńlá ló yọ, ó tó itan ọmọdé. Ó fa ìkejì, bákan náà. Mo fa èyí tó wà láàárín, òfìfo. Ìyá Gift pariwo, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Baálẹ̀ mú fìlà ẹ̀, ó gba ilé lọ láìdágbére. Ìyá Gift kó àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n sì wa gbogbo ẹ̀ lọ.

Mo rò pé mo ti bọ́. Nírọ̀lẹ́, mo lọ fa ẹ̀gẹ́ tá a máa jẹ lẹ́yìnkùlé: òfìfo. Rùqáyyàh tó ṣì lóyún nígbà náà tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fà á, ẹ̀gẹ́ yọ, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì mo kó ẹyin lábẹ́ adìẹ, èèpo lásán ló kù lọ́wọ́ mi. Àdánù yẹn ò bá oko lọ, Múyì. Ọwọ́ mi ló wà.

Lánàá, Rùqáyyàh na ọmọ sí mi, ó ní, "Bàbá ọmọ, ẹ gbà á." Mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ọmọ náà ò sunkún, ibi tí mo fi ọwọ́ mi pamọ́ sí ló ń wò. Rùqáyyàh ní ṣé torí pé ó jẹ́ obìnrin ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun.

Jímọ̀ yìí la máa sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n sì ní bàbá ló gbọ́dọ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Mo bẹ̀ ọ́, tètè wá, kó o bá mi gbà á.

Bá mi kí Fàtímọ̀ àti ìyá dáadáa. Tó o bá dé, jọ̀ọ́, má bọ̀ mí lọ́wọ́.

                                        Èmi tó ń wọ̀nà fún ọ,
                                        Roheem.